Nígbà tí ẹ̀rọ já lu èèyàn 104: Ìtàn ohun tó ń já bọ́ lórí òṣìṣẹ́ ní Johannesburg

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún, ọdún 1995, ọkọ̀ ojú irin kan ré bọ́ sínú ihò ní ibi ìwakùsà wúrà Vaal Reefs, lẹ́bàá ìlú Orkney, ní nǹkan bíi kìlómítà 170 sí Johannesburg.

Kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin bí èyí tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ́ ẹrù lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 12. Ihò tó bọ́ sí náà kì í ṣe kòtò lásán. Òun ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé òṣìṣẹ́ lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń gbà gbé wọn padà wá sókè. Ó jìn ju kìlómítà méjì lọ.

Ọkọ̀ náà já ìdènà tó wà lẹ́nu ihò, ó bá gba ìsàlẹ̀ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, nínú ihò kan náà, ni ohun tí àwọn awakùsà ń pè ní kéèjì wà, ìyẹn àpótí irin alájà méjì tó ń ṣiṣẹ́ bíi lífítì. Òṣìṣẹ́ kún inú rẹ̀.

Èèyàn 104 ló kú. Kò sí ẹnì kankan nínú kéèjì náà tó jáde láàyè.

Àwọn tó lọ gbé òkú wọn sọ pé kéèjì alájà méjì náà ti run mọ́ra wọn débi pé kò ga ju àjà kan ṣoṣo lọ mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún kan gééré tí Nelson Mandela búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá wọlé, àwọn aláwọ̀ dúdú ti dìbò, orílẹ̀-èdè tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, nǹkan kò tíì yí padà.

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ Johannesburg nílé wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tajà ní Hillbrow, tàbí wàhálà ìkórìíra àjèjì tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ní ìtàn mìíràn tó ti pẹ́ ju ti àwa lọ, ìtàn ohun tó ń já bọ́ láti òkè sórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀.

Ìlú tí wọ́n kọ́ sórí ihò

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Langlaagte. Ní ọdún náà ni wọ́n dá Johannesburg sílẹ̀. Ìlú náà kò ní odò ńlá, kò sí létí òkun, kò sì sí lójú ọ̀nà ọjà kankan. Wúrà nìkan ló gbé e débẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní eGoli títí di òní.

Wúrà ibẹ̀ kò dà bí èyí tí èèyàn ń fi igbá ṣẹ́ nínú odò ní agbègbè Iléṣà. Inú àpáta ló wà, nínú ìpele tínínrín kan tó dagun wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀lé e ló ń jìn sí i. Lónìí, ibi ìwakùsà Mponeng tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Johannesburg sún mọ́ kìlómítà mẹ́rin nísàlẹ̀.

Nítorí pé ìpele náà tínínrín, wọn kì í gbẹ́ ihò tó ga. Àkúdáàyà owó ni, lójú àwọn onílé iṣẹ́, kéèyàn máa gbẹ́ àpáta tí kò ní wúrà nínú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ wúrà kò ga ju mítà kan lọ. Òṣìṣẹ́ á jókòó, á kúnlẹ̀ tàbí kó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlu-àpáta lọ́wọ́. Àpáta tó wà lókè orí rẹ̀ kò jìnnà sí i ju bí ìsàlẹ̀ tábìlì ṣe jìnnà sí ọmọdé tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Àpáta yẹn ló ń já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n rò ó. Àpáta tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, ń wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Èyí ju ìwọ̀n ọkọ̀ kékeré méjì lọ. Kò sí akoto tó lè gba irú rẹ̀ dúró. Kódà, èyí tó tóbi bíi àpótí ìdáná lásán ti tó láti ṣẹ́ èèyàn lẹ́yìn.

Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ihò síbì kan, ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà lókè á wá ibòmíràn gbé ara lé. Nígbà míì, àpáta á bú gbàù láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń mì ní Johannesburg bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe agbègbè ìmìtìtì ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1908, ìjọba ní láti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ohun tó ń mi ilé àwọn ará Ophirton, tí kò jìnnà sí àárín ìlú. Ọwọ́ àwọn awakùsà ni.

Ohun ìdáàbòbò tó pẹ́ jù lọ ni ọ̀pá irin gígùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi dáínámáìtì fọ́ àpáta, ẹnì kan á kọ́kọ́ wọlé, á máa fi ọ̀pá náà kan òrùlé ihò, á sì máa fetí sí i. Bó ṣe rí nígbà tí ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò bá fi ìka kàn án láti mọ̀ bóyá ó ti sán, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àpáta tó dúró dáadáa máa ń dún gan-an-ran. Èyí tó ti ya kúrò lára èkejì á dún bíi ìlù. Èyí tó bá dún bíi ìlù ni wọ́n á fi ọ̀pá yọ kó tó yọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi igi ńláńlá ti òrùlé náà.

Ewu pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, torí ẹni tó ń yọ òkúta náà, abẹ́ òkúta náà ló dúró sí.

Ta ló láṣẹ láti sọ pé ibẹ̀ léwu?

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àpáta, tó di ti èèyàn nìyí.

Ní ọdún 1911, ìjọba South Africa ṣe òfin méjì tó ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí. Èkíní, tó dá lórí ibi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́, fi ìwé ẹ̀rí àwọn iṣẹ́ kan sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1926. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè ní ìwé ẹ̀rí láti fọ́ àpáta, òun sì ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yẹ òrùlé wò, tó ń sọ pé ibi kan dára fún iṣẹ́ tàbí kò dára.

Nínú ìṣe, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ iṣẹ́ ló ń gbé ọ̀pá irin, àwọn ló mọ bí àpáta ṣe ń dún. Wọ́n ti wà nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti wá láti Lesotho, Mozambique, Malawi àti ilẹ̀ Xhosa. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kò ní orúkọ nínú ìwé. Ọ̀gá tó ń gbowó ìlọ́po púpọ̀ ju tiwọn lọ ló ń fọwọ́ sí i. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mú ìdènà yìí kúrò nínú òfin, ó di ìparí àwọn ọdún 1980.

Òfin kejì ti ọdún 1911 burú jù ú lọ, lójú tèmi. Òun ló ń ṣàkóso àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn fún òṣìṣẹ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, tàbí láti kọ̀ sí àṣẹ ọ̀gá. Ẹni tó bá sá fún òkúta lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ó di ọdún 1974 kí wọ́n tó fagi lé irú ìjìyà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Coalbrook.

Èédú ni wọ́n ń wà ní Coalbrook, kì í ṣe wúrà. Ibẹ̀ kò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ láti Johannesburg, lẹ́bàá Sasolburg. Nínú ìwakùsà èédú, wọ́n máa ń fi èédú díẹ̀ sílẹ̀ láìgbẹ́, kó dúró bí òpó láti gbé òrùlé ró. Bí òpó bá ṣe pọ̀ tó, tó sì tóbi tó, ni ààbò ṣe ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n èédú tí wọ́n fi sílẹ̀ ni owó tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tó ń darí ibẹ̀ tún gbẹ́ nínú èédú tó wà lókè, àwọn òpó wá ga, wọ́n sì lẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, apá kan wó. Iṣẹ́ ń lọ.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kíní, ọdún 1960, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í dún, atẹ́gùn líle sì fẹ́ kọjá nínú ihò. Ìtàn tó wà lákọsílẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan sá lọ sókè, wọ́n sì ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn òpó náà fọ́ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń ti èkejì, títí ilẹ̀ fi wó lé gbogbo wọn lórí.

Èèyàn 435 ló há sísàlẹ̀. Gbogbo wọn, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀, ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti Lesotho àti Mozambique. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò láti òkè, wọ́n sọ gbohùngbohùn kalẹ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ ìró èèyàn. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọn kò rí òkú kankan gbé jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà dòní.

Lẹ́yìn Coalbrook ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ ọ̀rọ̀ náà gidi. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Miklos Salamon àti ẹnìkejì rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ibi ìwakùsà èédú 125 jọ, 98 nínú wọn dúró, 27 wó. Ní ọdún 1967, wọ́n gbé ìṣirò kan jáde tó ń sọ bí òpó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Wọ́n ṣì ń lo ìṣirò náà kárí ayé. Ó ń dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá rántí pé ohun tí wọ́n fi ṣí ojú ìmọ̀ náà ni èèyàn 435.

Ọwọ́ kan náà, owó méjì

Kí ni wọ́n ń fún ẹni tí òkúta bá gé lẹ́sẹ̀?

Kò pẹ́ tí Johannesburg bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onílé iṣẹ́ ti rí i pé ìpalára á máa ná wọn lówó. Ní ọdún 1894, wọ́n dá ilé iṣẹ́ adójútòfò tiwọn sílẹ̀ ní Johannesburg, Rand Mutual, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ní ọdún 1914, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa wá sójú iṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara ló ń pinnu ohun tí èèyàn máa gbà. Òfin ọ̀tọ̀ ló kan òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ibi ìwakùsà. Kódà nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1941, aláwọ̀ funfun tó di aláàbọ̀ ara ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù, nígbà tí wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú ní owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó di gbére. Ó di ọdún 1977 kí wọ́n tó mú ìyàtọ̀ náà kúrò.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ìdílé. Ọkùnrin kan kúrò ní abúlé nígbà tó ṣì lágbára, ó padà dé láìní ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú owó tó lè ra màlúù díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kù tó máa roko. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á dàgbà, ọ̀kan nínú wọn á sì fọwọ́ sí ìwé láti lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà. Ilé iṣẹ́ kò san owó ìtọ́jú aláàbọ̀ ara, abúlé ló ń san án.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìde

Àwọn awakùsà aláwọ̀ dúdú ti yanṣẹ́ lódì ní ọdún 1946, wọ́n tó 70,000, ọlọ́pàá sì fi ìbọn àti kóńdó lé wọn padà sínú ihò. Owó oṣù ló fa ìyẹn jù lọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1982, wọ́n dá ẹgbẹ́ NUM sílẹ̀. James Motlatsi ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan, Cyril Ramaphosa, tó di ààrẹ South Africa ní ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ ààbò wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lárugẹ, torí pé kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ ẹnì kan tí òkúta ti pa.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986, iná ṣẹ́yọ ní Kinross, èéfín olóró sì pa èèyàn 177. Iná kì í ṣe ohun tó ń já bọ́, ṣùgbọ́n mo mẹ́nu bà á nítorí ohun kan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ kéde àwọn tó kú, wọ́n dárúkọ àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn aláwọ̀ dúdú, iye wọn ni wọ́n kà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà: Sotho mélòó, Shangaan mélòó. Inú bí ẹgbẹ́ NUM gidigidi. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó lé ní 200,000 awakùsà tó da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí ìjọba tuntun dé ní ọdún 1994, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, adájọ́ Ramon Leon ló ṣe alága rẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1995, ọdún Vaal Reefs yẹn kan náà. Ó ní láti ọdún 1900, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 69,000 ti kú nínú ìjàǹbá ní àwọn ibi ìwakùsà South Africa, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan sì ti farapa gidigidi.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí iye yẹn díẹ̀. Kò ka àwọn tí eruku àpáta ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, tí wọ́n lọ kú sí abúlé. Ìjàǹbá nìkan ló kà. Ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé àpáta tó ń wó lu èèyàn ló wà níwájú nínú ohun tó ń fa ikú.

Ẹ̀tọ́ láti jáde

Òfin tuntun nípa ìlera àti ààbò ní ibi ìwakùsà jáde ní ọdún 1996, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kíní, ọdún 1997. Ó gùn, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀, abala kẹtàlélógún, tí mo rò pé ó ju gbogbo ìyókù lọ. Ó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi iṣẹ́ tó bá rí ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ibẹ̀ léwu.

Ẹni tó bá rántí òfin ọdún 1911 á mọ ohun tí èyí jẹ́. Ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ ju bàbá sẹ́wọ̀n ti di ẹ̀tọ́ ọmọ.

Lílo ẹ̀tọ́ yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí owó àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́ bá dá lórí iye àpáta tó fọ́, ẹni tó bá ní ká jáde, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2007, nǹkan tún já bọ́. Ní ibi ìwakùsà Elandsrand, lẹ́bàá Carletonville, páìpù atẹ́gùn ńlá kan já sínú ihò, ó sì ba wáyà iná mànàmáná tó ń gbé kéèjì jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ 3,200 há sísàlẹ̀, ní ibi tó jìn ju kìlómítà méjì lọ, nínú ooru àti òkùnkùn. Wọ́n lo kéèjì kékeré kan ní ihò mìíràn láti kó wọn jáde díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn fi dé òkè láàyè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rántí Elandsrand mọ́ torí pé kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vaal Reefs gan-an ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, ọdún kan náà, NUM pe ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ kan káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ààbò nìkan, láìmẹ́nu ba owó.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń fi àwọ̀n irin bo òrùlé ihò, wọ́n sì ń fi irin gígùn kan àpáta mọ́ àpáta. Ní ọdún 2003, èèyàn 270 ló kú ní gbogbo ibi ìwakùsà South Africa. Ní ọdún 2024, wọ́n jẹ́ 42, iye tó kéré jù lọ títí di ọdún náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó lé ní 500,000 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà wúrà nìkan. Lónìí, wọn kò tó 100,000 mọ́. Bí èèyàn bá dín kù lábẹ́ àpáta, ó dájú pé àwọn tí àpáta ń pa náà á dín kù.

Àwọn mìíràn sì wà tí iye yẹn kò kà rárá. Nínú àwọn ihò àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì lábẹ́ Langlaagte àti Riverlea, níbi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní zama zama ṣì ń wọlé láìgbàṣẹ láti wá wúrà tó ṣẹ́kù. Nígbà míì, òpó tí wọ́n fi sílẹ̀ láyé àtijọ́ láti gbé òrùlé ró gan-an ni wọ́n ń gbẹ́.

Lókè ilẹ̀ náà ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé inú ihò nìkan ni nǹkan ti ń já bọ́ kò tíì wọ ilé iṣẹ́ irin rí.

Àwọn ibi ìwakùsà yìí ló bí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá ní Germiston, Boksburg àti Benoni, ní ìlà oòrùn Johannesburg, àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ fífa omi, ẹ̀rọ ìfọ́-àpáta àti kẹ̀kẹ́ ẹrù fún wọn. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kíréènì ló ń gbé irin kọjá lókè orí àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀. Ṣéènì lè já. Ìkọ́ lè yọ̀. Ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn lè gbàgbé sípánà sí etí pákó.

Ohun kékeré kì í kéré mọ́ bó bá ti òkè bọ̀. Ohunkóhun tó bá já bọ́ láti mítà mẹ́wàá, ìyẹn bíi ilé alájà mẹ́ta, á ti máa sáré tó kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan nígbà tó bá fi máa kan ilẹ̀. Ìṣó ńlá tó wọn kìlógíráàmù kan tó fún ẹni tí kò dé akoto.

Òfin tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1993, sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé kọ́ sára ògiri. Ó ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sapá láti mú ewu fúnra rẹ̀ kúrò tàbí kó dín in kù, kó tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sára. Lédè kan, má ṣe fún mi ní akoto kó o tó wo ṣéènì kíréènì rẹ. Níbi púpọ̀, ní Johannesburg àti nílé wa, òdìkejì rẹ̀ là ń rí: wọ́n á pín akoto, wọ́n á gbé pátákó ìkìlọ̀ síta, ó parí.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2015, irin tí wọ́n tò láti fi kọ́ afárá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ní Grayston Drive, ní Sandton, wó lu ojú ọ̀nà márosẹ̀ M1 nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá. Èèyàn méjì kú, 19 farapa. Àwọn tó kú kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, ọ̀nà ni wọ́n ń bá lọ.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2021, ilé ẹ̀fin gíga kan ní ilé iṣẹ́ irin ArcelorMittal tó wà ní Vanderbijlpark, gúúsù Johannesburg, wó lu yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń darí ẹ̀rọ. Mẹ́ta nínú wọn kú. Inú yàrá ni wọ́n wà, níbi tó yẹ kó jẹ́ ibi ààbò.

Nílé wa

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kíní, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, l'Ékòó. Àwọn tó kú lé ní 40, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ nínú wọn, àwọn tó jí lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.

Òfin owó gbà-má-bínú àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1941. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni ti ọdún 2010. Lábẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó, kí wọ́n lè rí owó san fún ẹni tó bá farapa, tàbí fún ìdílé ẹni tó bá kú. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí nǹkan já lù ni kò mọ̀ pé òfin yìí wà. Wọ́n á gba owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ sílé.

Ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ẹbí ẹni tó kú, ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí. Ìwé ìbéèrè fún owó náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ náà láàárín ọdún kan.